Àpò Kan Ṣoṣo Tí Yẹpòwò Kò Yẹ̀ Wò

Obìnrin kan wà tó ti ń fọ aṣọ fún àwọn ẹlòmíràn láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì bá aṣọ wọnú omi ọṣẹ rẹ̀ rí. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì fi sí. Yẹpòwò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé kí o tó gbé ẹrù aṣọ rẹ kalẹ̀ tán lórí káńtà, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú àpò ṣòkòtò rẹ. Á yẹ tọ̀tún, á yẹ tòsì, á yẹ tẹ̀yìn, á wá máa fọwọ́ tẹ àyà ẹ̀wù bí dókítà ṣe ń tẹ ikùn ọmọdé. "Àpò ní ẹnu, kò ní ahọ́n," ló máa ń wí. "Ohun tó bá wà níkùn rẹ̀, àfi kí o fọwọ́ bi í."

Agolo bísíkíìtì kan wà lábẹ́ káńtà náà tó ń kó ohun tó bá rí sí, kí olóhun tó padà wá. Bọ́tìnnì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, eyín àtọwọ́dá tí wọ́n fi áńkáṣíìfù wé náà ti débẹ̀ rí. Ó bá lẹ́tà nínú àpò kóòtù ọkùnrin kan lọ́jọ́ kan, lẹ́tà tó dùn, tí kì í ṣe ìyàwó ọkùnrin náà ló kọ ọ́. Yẹpòwò ṣẹ́ ẹ po, ó fi lé e lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Títí di òní, bí ọkùnrin yẹn bá pàdé rẹ̀ lójú títì, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí i, ó sì máa ń tẹríba ju bó ṣe yẹ lọ.

Iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé nínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Lórí wọn gan-an ni tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé, ìyá àgbà tó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ sì mú. Màmá Òkè ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí ó dá wàhálà sílẹ̀.

Ọkọ Yẹpòwò ni wọ́n ń pè ní Agogo. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ: òun ló ń kéde fún èrò pé ọkọ̀ ti dé, pé ọkọ̀ fẹ́ lọ, pé ọkọ̀ pẹ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níwájú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Agogo ló ń ran ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ohùn náà kún, ó sì rọ̀. Bó bá ní ọkọ̀ pẹ́, ìwọ tó o ti fẹ́ bínú á bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú ọkọ̀ náà.

Bó bá wá délé nírọ̀lẹ́, kì í fi kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Á kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, á sì fi ohùn iṣẹ́ kéde pé, "Ọkọ ti dé." Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yìí kò nílò kí n ṣàlàyé. Láti àárọ̀ ló ti ń wí ohun tó jọ ọ́ níbi iṣẹ́, tó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ parí rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ ti ń di ọkọ. Yẹpòwò á dáhùn láti ìdí áyọ́ọ̀nù pé, "Èrò mélòó ló gbé wá?" Á ní, "Ẹyọ kan ṣoṣo. Ebi ń pa á." Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn á tó ṣí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ní ìtìjú ni wọ́n fẹ́ fi pa òun. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ṣe é.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé èyí tí Agogo fẹ̀yìn tì, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Wọ́n lo oyin, wọ́n lo omi gbígbóná, wọ́n ní atẹ́gùn ni. Kì í ṣe atẹ́gùn. Dókítà sọ ọ́ fún wọn láìfepo bọyọ̀: kókó burúkú kan wà nínú àpótí ohùn rẹ̀. Bí wọn ò bá gé e, yóò pa á. Bí wọ́n bá gé e, àpótí ohùn náà á bá a lọ, kò sì ní lè sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ẹ gé e," Yẹpòwò ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ la ẹnu. "Kí ohùn dákẹ́ sàn ju kí ọkọ mi dákẹ́ lọ."

Ọmọ wọn fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lókè òkun, ó wọ bàálù wálé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀. Ó mú tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré kan wá, èyí tí kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han bàbá rẹ̀. Bàbá á sọ gbólóhùn kan, tábúlẹ́ẹ̀tì á gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bó bá fẹ́ sọ gbólóhùn náà fún ẹnikẹ́ni, á fọwọ́ tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ohùn ara rẹ̀ á sì jáde, kì í ṣe ohùn ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí imú rẹ̀ dí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Agogo fi ṣe é. Yàrá tí wọ́n ń kọ́ aṣọ tó ti gbẹ sí ló ń wọ̀, á jókòó sáàárín kóòtù àwọn oníkóòtù, torí aṣọ kì í jẹ́ kí ariwo títì wọlé. Yẹpòwò á máa gbọ́ ohùn hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò wọlé tọ̀ ọ́ rí. Ó mọ̀ pé ọkùnrin kan ń dágbére fún ohùn ara rẹ̀, ìdágbére bẹ́ẹ̀ kò sì fẹ́ olùwòran. Lọ́jọ́ tí ohùn náà bá ha jù, kì í gba ohunkóhun sílẹ̀; á dúró de ọjọ́ tó bá tún là díẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, gbólóhùn ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá ló wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì náà.

Ó ka díẹ̀ nínú orúkọ wọn fún ìyàwó rẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀" wà níbẹ̀, "Tíì yìí ò dùn" wà níbẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ̀ aago mẹ́wàá ti pẹ́" náà wà níbẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe nínú ilé?" Yẹpòwò bi í.

"Bí tíì bá pẹ́," Agogo fèsì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó fi ọ̀fun ara rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Wọ́n dá ihò kékeré kan sí i lọ́rùn tó ń gbà mí èémí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀ láràárọ̀ kí ojú ọgbẹ́ má baà gba kòkòrò. Àṣé oníṣẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀. Ọmọ wọn dúró tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ó sì di ọjọ́ tó máa padà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, tákìsì ti ń fọn fèrè níta, ó sì ń wọ bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ní:

"Màámi, ẹ gbọ́ o. Mo ti gbé ẹ̀dà gbogbo ohùn Bàbá sókè. Bí nǹkan bá ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má jáyà. Ó wà lókè."

"Ó dáa, ọmọ mi. Ṣé o ti mú kóòtù rẹ? Ṣé o yẹ àpò ẹ̀ wò?"

Ohun tó gbọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí èèyàn ní ń lọ, ta ni etí rẹ̀ á wà nídìí tábúlẹ́ẹ̀tì? Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún díẹ̀, tákìsì gbéra. Inú bàálù ni ọmọ náà máa wà títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí Yẹpòwò padà wọlé, Agogo ti lo oògùn rẹ̀, ó sì ti sùn lọ lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí orí rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yẹpòwò bá wọ yàrá lọ láti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Ó mú etí aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ká wọn pọ̀ mọ́ àpò ìrọ̀rí, ó gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó sì kó wọn sínú ọpọ́n ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó da omi gbígbóná lé e, ó da ọṣẹ lé e, ó fi igi ru ú. Ó ní kó rẹ fún wákàtí kan. Ó wá lọ sídìí káńtà.

Nígbà tó padà wá fọ̀ ọ́, ó ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ohun tó le.

Ó ti mọ̀ kó tó fà á jáde. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fọwọ́ mọ ohun tó wà nínú aṣọ, kò nílò ojú. Ó rántí lójijì pé Agogo ò gbẹ́kẹ̀ lé orí tábìlì. Ó ní ohun tó bá wà lórí tábìlì lè bọ́. Ó ti ń wá ibi tí ohùn rẹ̀ ò ti ní bọ́ bí òun bá sùn, ó sì rí i. Inú àpò ìrọ̀rí ni. Yẹpòwò, tó ti yẹ àpò ìdajì ìlú wò, kò ka ti ìrọ̀rí mọ́ àpò rí láyé rẹ̀.

Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà sókè. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, kò tàn. Ó tún un tẹ̀. Omi ọṣẹ ń jáde láti ihò kékeré tí ohùn máa ń gbà jáde, ó ń kán tó, tó, tó, sórí símẹ́ńtì. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Yẹpòwò fi ìdí ìró rẹ̀ nù ún, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó gbọ̀n ọ́n, kò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó sórí àpótí ọṣẹ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: aṣọ tó ya, a lè rán an; fóònù tó bàjẹ́, a lè ra òmíràn; ṣùgbọ́n ọ̀fun tó sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò sí nílé ayé mọ́. Òun ló ní kí wọ́n gé e. Òun náà ló tún wá fọ ìyókù dànù.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ wá sọ sí i lọ́kàn. *Ó wà lókè.*

Òkè wo? Ó sáré wọ yàrá, ó gun àga, ó fọwọ́ wá òkè kọ́bọ́ọ̀dù láti ìkángun dé ìkángun. Agboòrùn ló wà níbẹ̀ tó ti kán, pẹ̀lú àpótí ìrìn àjò kan, àti eruku tó mú kó sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àbí òkè òkun ló ní lọ́kàn? Bóyá ó ti gbé e dání lọ ni? Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó dúró sójú kan, ó wá gbá orí ara rẹ̀. Lánàá òde yìí ni ọmọ náà lọ dágbére fún Màmá Òkè, tó pẹ́ níbẹ̀ tó ìdajì wákàtí! Kí ni wọ́n ń ṣe? Ohùn ló ń gbé fún un!

Ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ó gun àtẹ̀gùn ní méjìméjì, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohùn ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ yín, mo wá gbà á ni."

Màmá Òkè yọ awò ojú rẹ̀. "Ohùn ta ni?"

"Ohùn ọkọ mi. Ọmọ wa ló ní òun ti gbé e sókè."

"Yẹpòwò," ni ìyá àgbà náà wí, "ní ọjọ́ orí tí mo wà yìí, ṣé ohùn ọkọ ọlọ́kọ ni mo máa wá máa kó pamọ́? Wọlé. Kí lo wé sínú táwẹ́ẹ̀lì?"

Nígbà tó rí i, kò bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi ọṣẹ tó ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ròyìn. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí àga. "Jókòó. Òkè tí ọmọ yẹn ń sọ ga ju tèmi yìí lọ."

"Ọ̀run?" Yẹpòwò fò dìde. "Màmá, ọkọ mi ò kú o! Ó ń sùn ni!"

"Ta ló dárúkọ ikú? Mo ní kó o jókòó." Màmá Òkè mú tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n, èyí tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. "Kọ̀ǹpútà ńláńlá wà níbì kan, níbi tí èmi àti ìwọ ò ní fẹsẹ̀ tẹ̀ láéláé. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá èèyàn tọ́jú ẹ̀dà ohun tó wà nínú fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e lọ, òun náà ló ń gbé e bọ̀. Àwọsánmà ni wọ́n ń pè é. Má bi mí ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sí bí ilé gbogbo ayé. Fóònù mi kan bọ́ sínú bọ́ọ̀sì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pẹ̀lú àwòrán gbogbo kíláàsì tí mo ti kọ́. Mo sunkún títí. Nígbà tí mo ra òmíràn, mo tẹ orúkọ mi àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ mi, gbogbo àwọn ọmọ mi sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, títí kan àwọn olórí kunkun."

Yẹpòwò fọwọ́ mú ọwọ́ rẹ̀. "Wọ́n pé?"

"Wọ́n pé. Àmọ́ láìsí ímeèlì ọkọ rẹ àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lọ bi í."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Gbogbo ìsáré Yẹpòwò láti àárọ̀, kí Agogo tó jí ni. Bó bá jí, tó wá ohùn rẹ̀ tì, tí kò sì lè pariwo pàápàá ńkọ́? Ó ti ń rí ojú rẹ̀ lọ́kàn. "Màmá, mi ò lè sọ fún un," ló wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ẹni tó ń sinmi lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó tẹ̀ lé e.

Agogo ló dúró síbẹ̀, tòun ti ìwé kékeré àti bírò tó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Màmá Òkè, ó wá wo táwẹ́ẹ̀lì.

"Mo fọ̀ ọ́," Yẹpòwò wí. Kò wá ọ̀rọ̀ kankan fi bò ó. "Inú àpò ìrọ̀rí ló wà. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dárí jì mí."

Agogo gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Ó dà á délẹ̀, omi ṣíbí kan sì dà jáde. Ó gbé ojú wálẹ̀, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Yẹpòwò rò pé ẹkún ni, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́ gan-an. Àfìgbà tí ọkọ rẹ̀ gbójú sókè ló tó rí i pé ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín tí kò ní ohùn, atẹ́gùn lásán tó ń gba ọrùn rẹ̀ jáde, síbẹ̀ ẹ̀rín Agogo gan-an ni, pẹ̀lú ojú tó dì pa. Ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, ó sì yí i sí ìyàwó rẹ̀: *Ṣé ó mọ́ dáadáa?*

Yẹpòwò fi táwẹ́ẹ̀lì gbá a léjìká.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nígbà tí Màmá Òkè ní kó kọ ímeèlì àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ó wo ojú ìyá àgbà náà kó tó kọ ọ́. Òun náà ò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n gbé lọ sí òkè tí ẹnikẹ́ni ò rí rí máa padà wá. Ímeèlì ló kọ́kọ́ kọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ: *okotide*.

Màmá Òkè na ìwé náà jìnnà sójú. "Láìsí àmì kankan? Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí èèyàn ka èyí? Oko ni àbí ọkọ́? Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò ka òmíràn tó lè jẹ́ síta." Ó wo Agogo. "Áà, ọkọ̀ ti dé! Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ọkàn rẹ̀ ṣì wà ní ibùdó ọkọ̀."

Agogo gbọnrí. Ó tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó wá tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀. Ara Yẹpòwò gbóná láti ọrùn dé etí. Ó mọ èyí tó jẹ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, èyí tó mú pé òun ò ní gbàgbé láéláé nìyẹn.

"Ọkọ ti dé ni, mà," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Màmá Òkè tẹ̀ ẹ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì ní ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Ó tún un tẹ̀, ó fara balẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì ní kò tọ̀nà, àti pé bí wọ́n bá tún ṣì í lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á tilẹ̀kùn. Agogo di apá àga mú. Yẹpòwò na ọrùn wo ohun tí ìyá àgbà náà tẹ̀, ó sì rí i: ogójì ọdún tó fi kọ́ ọmọ ní ìwé kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó ti fi àmì sábẹ́ *ọ* méjèèjì, ó ti fi àmì sórí *é*, ó sì ti ya ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́."

"Àṣìkọ ni!"

"Ẹ bá wa ṣì í kọ, mà."

Màmá Òkè mí kanlẹ̀, ó wo òkè bí ẹni ń tọrọ àforíjì, ó sì fi ìka kan tẹ lẹ́tà méjèèje láìsí àmì kankan. Tábúlẹ́ẹ̀tì ronú. Nǹkan róbótó kan ń yí lójú rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí. Lẹ́yìn náà, àwọn gbólóhùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí èrò tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n tó ogún, wọ́n di igba. Nígbà tí wọ́n dúró, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ni ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá.

Agogo na ìka, ó tẹ àkọ́kọ́.

"Ẹ kú àárọ̀ o," ni ohùn náà wí, ó kún, ó rọ̀, ó ha díẹ̀ ní ìparí, ó sì gba gbogbo yàrá Màmá Òkè.

Yẹpòwò rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tó ti wúwo lé e láyà láti àárọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ sì tù ú débi pé kò lè dìde. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé ẹ ṣé, ẹ ṣé, kò sì mọ ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ìyá àgbà yìí ni, ọmọ rẹ̀ tó wà nínú bàálù ni, àbí Ọba tó ni òkè tó ga ju gbogbo òkè lọ. Agogo fi ọwọ́ kan lé e lórí. Ó fi èkejì wá gbólóhùn kan títí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má bínú, ọkọ̀ aago mẹ́wàá ti pẹ́."

"Tíì ló ń bèèrè," Yẹpòwò ṣàlàyé, ó ń nu imú.

Nígbà tí ọmọ wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù nírọ̀lẹ́ tó pè, ó gbọ́ ìròyìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, "Ṣebí mo sọ fún yín pé ó wà lókè?"

"Ìgbà míì, dárúkọ òkè," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ọjọ́ kẹfà ni tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ wọn, tòun ti àpò rọ́bà tí omi kì í wọ̀. Màmá Òkè sọ̀ kalẹ̀ wá fúnra rẹ̀ láti bá wọn kó ohùn náà sínú rẹ̀, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ náà láìjà. Ní ṣọ́ọ̀bù, Yẹpòwò ti fi ìrọ̀rí kún ohun tó ń yẹ̀ wò. Àwọn oníbàárà rí i tó ń ki apá bọ àpò ìrọ̀rí wọn dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n rò pé ọjọ́ ogbó ti ń dé sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Agogo ní òun fẹ́ rìn díẹ̀ lójú títì, ìrìn àdáṣe àkọ́kọ́ láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Yẹpòwò jẹ́ kó lọ. Ó ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́, etí rẹ̀ sì wà níta, nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọkọ ti dé."

Áyọ́ọ̀nù dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò dúró gbàṣẹ, ó ti dáhùn: "Èrò mélòó ló gbé wá?"

Kò sí ohun tó fèsì. Yẹpòwò gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀ pé òun béèrè. Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá náà, kò tíì gbọ́ gbogbo wọn. Ta ló máa rántí irú èyí, láàárín kóòtù, pẹ̀lú ohùn tó ń lọ? Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ó wá gbọ́ èékánná tó ń tẹ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì lódì kejì, tó ń wá nǹkan, tí kò kánjú.

"Ẹyọ kan ṣoṣo," ni ohùn náà wí. "Ebi ń pa á."